Iná Òkè fún Àbàjà Asiyah

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi jẹ́wọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi tú u síta: èmi ni mo gbà láti pa ilà ojú Asiyah rẹ́ nínú fótò, mi ò sì bi Asiyah. Ẹja ni mo bi, ẹja sì ní kí n máa bá a lọ.

Bó ṣe jẹ́ rèé. Saifudeen, àkọ́bí Asiyah, pè mí lórí fóònù láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Sátidé kan. Ó ní òun ti parí ilé tuntun tí òun àti ìyá òun máa jọ gbé, lóṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣí i, òun sì fẹ́ fótò ìyá òun kan tó tóbi tó ilẹ̀kùn, tí wọ́n á gbé kọ́ sí pálọ̀, níbi tí ojú ẹni tó bá wọlé á ti kọ́kọ́ bà.

"Ìyá Fótò, ẹ̀yin náà ni mo fẹ́ kó yà á. Ẹ̀yin lẹ ya ti ìkómọjáde mi. Àmọ́ ilà yẹn, ẹ bá wa wá ọgbọ́n sí i. Ẹ pa á rẹ́. Kí ojú wọn kàn máa dán. Ẹ mọ̀ pé àwọn àlejò mi tó ń bọ̀ láti Àbújá..."

Kò parí ọ̀rọ̀ àlejò náà. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, awakọ̀ kan ti já páálí ẹja títútù sí iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, omi yìnyín ṣì ń kán tó-tó-tó lára rẹ̀. Mo pe Saifudeen padà, mo ní, "Saifu ọmọ mi, ojú ìyá rẹ á dán bí àwo tánganran." Mo jẹ orí ẹja méjì pẹ̀lú ẹ̀bà lọ́jọ́ náà, mo sì sùn bí ẹni tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ẹ má tíì bú mi tán. Iṣẹ́ ilà pípa rẹ́ ti wà lọ́wọ́ mi tipẹ́. Victoria lorúkọ tí wọ́n sọ mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Fótò ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Ọkọ mi ló ni kámẹ́rà, èmi ni mo ni sùúrù. Nígbà fótò dúdú-àti-funfun, mo máa ń gbé nẹ́gétífù sójú fèrèsé, màá mú pẹ́ńsùlù tí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, màá máa fi kun ibi tí ilà wà lójú ìyàwó tuntun, díẹ̀díẹ̀, títí ilà á fi di òjìji. Ọkọ mi máa ń sọ pé ọwọ́ mi fẹ́lẹ́ ju tòun lọ. Irọ́ ni o. Ó kàn fẹ́ ráyè lọ sídìí ẹmu ni. Nígbà tó kú, àwọn ọmọ mi ní kí n ti ṣọ́ọ̀bù, kí n wá máa bá àwọn gbé ọmọ. Mo ní ọmọ tí mo ti gbé ti tó mi, kámẹ́rà ni mo fẹ́ máa gbé. Láti ọdún yẹn, mo ti pa ilà tó pọ̀ rẹ́, èmi tí pélé mẹ́ta-mẹ́ta wà lẹ́rẹ̀kẹ́ mi gan-an, tó dúró ṣánṣán bí ìgbà tí adìyẹ bá fẹsẹ̀ ha ilẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti lọ bá Asiyah yan aṣọ tó máa wọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni láti ìgbà tí àwa méjèèjì kò tíì lọ́mú láyà. Ilé wọn ló kángun sí tiwa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ kó tó fẹ́ ọkọ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ta abọ́ àti ìkòkò lọ́jà fún ọgbọ̀n ọdún, ó lọ sí Mẹ́kà, ó bí mẹ́fà, ọkọ rẹ̀ sì ti kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Lẹ́yìnkùlé ni mo bá a, ó ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ.

Mo fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Dìde, ọmọge. Ọmọ rẹ ní kí n sọ ẹ́ di ọmọ ogún ọdún. Ilà kankan ò ní sí níbẹ̀ mọ́."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró sórí ẹ̀wà. "Kí ni ò ní sí?"

"Ilà."

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Saifu ni."

"Kí ni ìwọ wá wí?"

Mo wolẹ̀. "Mo ti jẹ ẹja rẹ̀."

Ẹni tó bá mọ Asiyah mọ̀ pé ẹ̀rín ni obìnrin yẹn fi ń mí. Lọ́jọ́ yẹn, kò rẹ́rìn-ín. Ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù sára ìró, ó fi ìka tọ́ àbàjà tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún, àwọn ilà mẹ́rin tó sùn sórí ara wọn bí ìgbà tí èèyàn to ẹní.

"Fikitóríà, ṣé o mọ̀ pé lálaalẹ́, kí Bàbá Saifu tó sùn, ó máa ń fi ìka ka ilà mi? Ó ní òun fẹ́ wò ó bóyá wọ́n jí ọ̀kan lára rẹ̀ lọ́jà. Mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Tó bá ti pé, á ní, 'Ó pé.' Á kọjú sógiri, á bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Ogójì ọdún ó lé. Lálẹ́ ọjọ́ tó máa kú ní ọsibítù, ọwọ́ rẹ̀ ò gbé mọ́. Èmi ni mo gbé ìka rẹ̀, mo fi kà á fún un. Ìwọ wá fẹ́ gbé mi kọ́ sára ògiri láìsí ohun tí ọkọ mi máa kà."

Ẹnu mi kì í dákẹ́. Mo ní, "Ṣé ilà nìkan ló ń kà?"

Ó ju ẹ̀wà lù mí níwájú orí. "Èyí tó kù ò kàn ẹ́, oníranù!"

A wá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí fún un kí n tó dìde. Mo ní, "Asiyah, ẹja tí mo ti jẹ, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù tó lè gbà jáde, a ò sì lè bu èyí fún Saifu. Ṣùgbọ́n ilà yẹn máa hàn. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà máa rí i kà."

Mo pe Saifudeen kí n tó kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ní mi ò pa nǹkan kan rẹ́ mọ́.

"Ìyá Fótò, a ti jọ sọ ọ́ tán."

"Mo ti yí i padà."

"Ẹ ti jẹ ẹja o!"

"Ó dùn. O ṣeun, ọmọ mi."

Inú bí i. Ó ní kò burú, òun máa pe Ọlálékan, ayàwòrán kan ní Under G, ládùúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ máa ń nu ilà kúrò lójú kí èèyàn tó pajú dé. Àmọ́ ìyá rẹ̀ sọ fún un pé òun ò ní jókòó níwájú kámẹ́rà ẹnikẹ́ni bí èmi ò bá sí níbẹ̀. Bó ṣe di pé àwa ayàwòrán méjì jọ máa ya obìnrin kan nìyẹn, lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ọ̀sẹ̀ méjì sí i.

Nígbà tí mo délé ni ẹ̀rù wá bà mí. Ó rọrùn láti ṣèlérí, ṣùgbọ́n mo mọ iná tí mo ní. Fúláṣì tó jókòó sórí kámẹ́rà mi, ojú èèyàn ló máa ń lọ tààrà. Á kún inú ilà fọ́fọ́, ilà á sì rá. Mo wá fótò tí mo ya fún Asiyah nígbà tó ń lọ sí Mẹ́kà, ojú rẹ̀ pẹlẹbẹ bí àkàrà tí wọ́n gbé abọ́ lé. Láìmú pẹ́ńsùlù rárá, mo ti pa ilà rẹ̀ rẹ́! Tí mo bá fẹ́ kó hàn, iná gbọ́dọ̀ kúrò lórí kámẹ́rà, kó lọ dúró síbòmíràn.

Mo padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo wọ ṣọ́ọ̀bù Mùjídàt ní Under G, ọmọbìnrin kan tó ń ta kámẹ́rà àti ohun èlò rẹ̀. Mo ní kó tà mí ní fúláṣì tó lè dá dúró fúnra rẹ̀. Ó tà á fún mi pẹ̀lú irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé e lé. Ó fẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lò ó, mo ní, "Ọmọ mi, kí wọ́n tó bí ìyá rẹ ni mo ti ń ya fótò." Mo gbé páálí mi, mo wọkọ̀.

Nílé, mo tú páálí náà. Fúláṣì wà níbẹ̀. Bátìrì wà níbẹ̀. Ohun kékeré kan tó tó páálí ìṣáná wà níbẹ̀, mi ò sì mọ ohun tó wà fún. Wáyà kò sí. Mo gbọn ọ̀rá. Mo wo inú ìwé. Mo da gbogbo rẹ̀ dé, mo lù ú nídìí. Kò sí wáyà! Láyé ọkọ mi, bí iná bá jìnnà sí kámẹ́rà, wáyà gígùn ló so wọ́n pọ̀, mo sì ti fẹsẹ̀ kọ ọ́ tó ìgbà mẹ́wàá. Mo ní, háà, Mùjídàt ti yọ wáyà mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tún san owó ọkọ̀, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo ká apá aṣọ sókè. "Ẹ̀yin ará Under G, ẹ bá mi bi í o! Ẹ bá mi bi Mùjídàt, níbo ló gbé wáyà mi sí!" Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yọjú. Ẹnì kan tó ń jẹ sùpàgẹ́tì gbàgbé, ó jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí irùngbọ̀n.

Mùjídàt jáde, ó kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ káàárọ̀. Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n rí páálí yín."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ki ohun kékeré bíi páálí ìṣáná yẹn sórí kámẹ́rà mi. Ó gbé fúláṣì sọdá títì, ó gbé e lé orí tábìlì oníbúrẹ́dì, ó padà wá, ó ní, "Màmá, ẹ tẹ̀ ẹ́."

Mo tẹ̀ ẹ́. Iná bù yẹ̀rì lódìkejì títì! Oníbúrẹ́dì ké, "Jéésù!" Èmi náà fò sẹ́yìn, àti pé kí n má purọ́, ìgbọ̀nsẹ̀ ni mi ò ṣe, ìtọ̀ díẹ̀ já.

"Wáyà yín dà, Màmá?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, tèmi ló pọ̀ jù. Mo ní kí wọ́n bá mi bẹ Mùjídàt, pé arúgbó tó sọ pé òun mọ̀ ọ́n tán ló ń bẹ̀bẹ̀. Ó ní òun ò bínú. Ó wá jókòó tì mí, ó ṣàlàyé.

"Trígà là ń pe kékeré yìí. Òun ló ń pe fúláṣì, fúláṣì á sì jẹ́ ẹ níbikíbi tó bá wà. Àmọ́ àfi kí àwọn méjèèjì wà lórí nọ́ńbà kan náà. Orí nọ́ńbà kìíní ni gbogbo wọn máa ń wà nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ rántí o, Màmá: tí ayàwòrán míì bá wà níbẹ̀ tó ń lo irú rẹ̀, ẹ yí tiyín kúrò lórí kìíní."

Mo ń mi orí bí alángbá. Ọ̀rọ̀ wáyà ṣì ń tì mí lójú, nítorí náà ìdajì ohun tó sọ gba etí mi kan wọlé, ó bá èkejì jáde.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara mi kọ́ iṣẹ́. Mo gbé fúláṣì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àga, ní déédéé etí. Mo ní kí kámẹ́rà dá ara rẹ̀ tẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, mo sì sáré lọ jókòó. Eegun mi ò gbọ́ mẹ́wàá. Fótò àkọ́kọ́, ìdí mi ló wà níbẹ̀ gbàgàdà, àfi bí ìgbà tí òṣùpá méjì bá yọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó jókòó dáadáa. Mo wo fótò náà. Pélé mi yọ bí ebè nínú oko. Láti ìgbà tí mo ti ń ya fótò, mi ò rí ojú ara mi bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní, "Asiyah, ó ti bọ́ sí i!"

Kò tíì bọ́ sí i. Mi ò fẹ́ fi ojú ọ̀rẹ́ mi dánra wò, ni mo bá ra ìbẹ́pẹ dúdú kan tó gùn bí orí èèyàn, mo fi ọ̀bẹ kọ àbàjà mẹ́rin-mẹ́rin sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, mo gbé e jókòó sórí àga, mo wé gèlè fún un. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò sí ilà. Mo sún iná mọ́ ọn, kò sí ilà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìbẹ́pẹ jà. Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi ń bú u kó tó yé mi: pélé tèmi dúró lóòró ni, iná tó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá á dá a lábùú, á sì sọ òjìji sínú rẹ̀. Àbàjà sùn ní ìbú ni. Iná tó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá á kàn gba inú rẹ̀ kọjá bí ọkọ̀ tó ń gba ojú títì lọ. Òkè ni iná àbàjà ti gbọ́dọ̀ wá.

Mo fa irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà, mo sún un sí ọ̀tún díẹ̀, mo tẹ ojú fúláṣì wálẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Ilà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde lára ìbẹ́pẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òjìji tirẹ̀ lábẹ́. Mo jó. Mo tú gèlè lórí ìbẹ́pẹ náà, mo jẹ ẹ́ tán.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, mo bá gbogbo wọn nínú pálọ̀ tuntun ní Ògbómọ̀ṣọ́. Táìsì funfun nílẹ̀, ọ̀rá ṣì wà lára àwọn àga. Saifudeen wọ jalàbíà funfun, ikùn rẹ̀ ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé, fìlà rẹ̀ sì wọlẹ̀ dé ìpéǹpéjú nítorí orí tó pá. Ọlálékan dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ọmọ dáadáa ni, mo ti múra láti kórìíra rẹ̀, kò jẹ́ kó ṣeé ṣe. Ó ti gbé fúláṣì tirẹ̀ sínú àpótí ńlá kan tí wọ́n fi aṣọ funfun ṣe kí iná lè rọ̀, ó gbé e kalẹ̀ sí iwájú àga gan-an.

Asiyah wọlé nínú aṣọ òfì, ìborùn funfun léjìká. Ó jókòó bí a ṣe máa ń jókòó fún fótò láyé ìgbà tiwa, àyà títọ́, ọwọ́ lórí orúnkún méjèèjì, ojú tààrà. Mo gbé irin mi, mo fà á lọ sókè.

Saifudeen wò mí. "Ìyá Fótò, ṣé àjà lẹ fẹ́ yà ni?"

"Ìyá rẹ ni. Kúrò nínú ìmọ́lẹ̀."

Mo tẹ̀ ẹ́. Iná gba gbogbo pálọ̀. Mo wo ẹ̀yìn kámẹ́rà. Ojú Asiyah mọ́ pẹlẹbẹ, kò sí ilà kan. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Bákan náà. Saifudeen ti na ọrùn lórí èjìká mi.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ wo bó ṣe rẹwà! Ìyá Fótò, ẹ tilẹ̀ mọ̀ ọ́n pa rẹ́ ju Ọlálékan lọ."

Asiyah ń wò mí láti orí àga, mo sì mọ̀ pé ẹja ló ń rò. Mo gun àga, mo tún ojú fúláṣì tẹ̀ wálẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Pẹlẹbẹ.

Saifudeen ní, "Ẹ fi sílẹ̀, Ìyá Fótò, ẹ sinmi. Ọlálékan, ó kù sí ẹ lọ́wọ́."

Ọlálékan gbé kámẹ́rà sójú, ó tẹ̀ ẹ́. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó fajú ro. Ó lọ yẹ àpótí funfun rẹ̀ wò, ó padà wá, ó tún tẹ̀ ẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, òkè ni mo ń wò, mo sì rí i: fúláṣì mi, tí mi ò fọwọ́ kàn, bù yẹ̀rì pẹ̀lú tirẹ̀.

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn mi. Ó gbò mí débi pé mo di ògiri mú. Saifudeen ní, "Kí ló ṣe wọ́n?"

"Ọlálékan, níbo lo ti ra trígà rẹ?"

"Lọ́dọ̀ Mùjídàt ni, Màmá."

"Nọ́ńbà mélòó ló wà?"

Ó yí i wò. "Ọ̀kan. Mi ò yí i rí látìgbà tí mo ti rà á." Ó gbójú sókè wo fúláṣì mi, ó wo àpótí tirẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Háà! Nígbà tí ẹ bá tẹ tiyín, tèmi ń jẹ́ yín!"

"Tìẹ ń jẹ́ mi láti iwájú, ó ń nu iṣẹ́ mi. Tèmi ń jẹ́ ẹ láti òkè, ó ń ba tìẹ jẹ́. Ìwọ dúró sórí ọ̀kan. Èmi ni mo ń kó lọ sí méje."

Mo gbé awò mi sójú. Mo yí ti trígà sí méje. Mo sọ fúláṣì kalẹ̀, mo yí tirẹ̀ náà, mo tún fà á padà sókè.

Mo ní, "Asiyah, wo ibí yìí. Ronú kan ẹni tó ń kà."

Ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́.

Mi ò tíì ya fótò tó tó bẹ́ẹ̀. Mi ò ní fi ojú ayé ṣe, mo mọ̀ ọ́n. Ilà mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, ó jinlẹ̀, ó gún, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe kọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní, ojú obìnrin náà sì wà láàárín rẹ̀ bí ẹni tó wà nínú ilé ara rẹ̀. Ọlálékan wò ó, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Màmá, ta ló kọ́ yín pé kí ẹ gbé e sókè tó bẹ́ẹ̀?"

"Ìbẹ́pẹ ni."

Òun náà tẹ tirẹ̀. Tirẹ̀ náà bọ́ sí i báyìí: ojú dídán, funfun kan ṣoṣo, bí ẹyin bíbó. Mi ò ní ṣàbòsí, fótò náà mọ́. Kò kàn sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ni.

A gbé kámẹ́rà méjèèjì sórí tábìlì, Asiyah dìde wá wò wọ́n. Ó wo tèmi, ó fi ìka tọ́ ọ, mo sì rí i tí ètè rẹ̀ ń mì. Mo mọ ohun tó ń kà. Ó wá wo ti Ọlálékan.

"Ta nìyí?"

Saifudeen ní, "Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Irọ́. Mi ò mọ obìnrin yìí. Kò bí ẹ."

"Màmá, ẹ gbọ́ tèmi." Ó ti sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀, ó sì di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn, ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí. Ká gbé èyí tó mọ́ kọ́ sí pálọ̀. Ká wá tẹ ti Ìyá Fótò náà, ká gbé e sínú yàrá yín. Gbogbo wa á yọ̀."

"Nínú yàrá mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa máa rí i."

"Mo ti mọ ojú mi nínú yàrá mi, Saifu. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ló yẹ kó rí i." Ó yọ ọwọ́ rẹ̀. "Pálọ̀ ni ti Fikitóríà máa wà, níbi tí ìwọ fúnra rẹ yàn. Bí kò bá sí níbẹ̀, kò sí fótò mi nínú ilé yìí, èmi náà ò sì ní kó wá síbẹ̀. Ilé bàbá rẹ kò tíì wó. Ọlálékan!"

"Mà."

"Pa tìẹ yẹn rẹ́. Níṣojú mi."

Ọlálékan wo Saifudeen, ẹni tó pè é níṣẹ́. Ó wo Asiyah, ẹni tó lojú. Ó fi àtàǹpàkò tẹ kámẹ́rà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, obìnrin dídán náà sì lọ. Ó yí ẹ̀yìn kámẹ́rà sí Asiyah kó rí i pé òfìfo ni.

Mo ti ń tú irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mi kí ẹnikẹ́ni tó yí ọkàn padà. Saifudeen jókòó sórí ọ̀rá àga, ọ̀rá náà sì han. Ooru mú un, ó ṣí fìlà, ó fi nu orí rẹ̀ tó pá, ó tún yára dé e padà.

"Màmá," ó ní, "ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn èèyàn máa sọ tí wọ́n bá wọlé?"

Asiyah wò ó láti orí fìlà wá sí ikùn, ó fara balẹ̀ wò ó.

"Saifu, nígbà tó bá kàn ẹ́, èwo lára rẹ ni àwọn ọmọ rẹ máa ní kí wọ́n pa rẹ́?"